Ọ̀nà Kambolé Lára Ògiri

Fáwàsì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ń dá tọ́ ní Kouloundè, ní ìlú Sokodé.

Alùpùpù ló fi ń gbé èrò. Sẹ́mí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ló máa ń jí. Á kírun, á po ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ, á nu eruku kúrò lára ìjókòó alùpùpù, á jáde. Bó bá fi máa wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn á ti máa dùn ún láti ọrùn dé ìbàdí. Ọdún mọ́kànlá ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kò sì kórìíra rẹ̀. Ó kàn ń ṣe é ni.

Ọmọ Kambolé ni, ìlú kan tó wà lẹ́yìn ọjà Tchamba. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀. Ràbíátù ìyàwó rẹ̀, ọmọ Kambolé ni òun náà. Ibà ló mú Ràbíátù ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́fà péré ló fi dùbúlẹ̀, ó kú. Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Làtífátù ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí, Àzízì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, Sèínábù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ti di ẹran tí kò ní okùn lọ́rùn. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Àzízì ń gun òrùlé ilé onílé. Sèínábù ń jẹun kiri láti ilé dé ilé bí ẹni tí wọ́n fìwé pè. Làtífátù ń ké mọ́ àwọn méjèèjì títí ohùn rẹ̀ á fi há, wọn ò sì dá a lóhùn. Bí Fáwàsì bá dé, àwọn ará àdúgbò á ti tò sẹ́nu ọ̀nà láti fẹjọ́ sùn. Á bẹ̀ wọ́n. Nígbà mìíràn á na Àzízì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wa alùpùpù láti òwúrọ̀ kò lágbára ẹgba púpọ̀. Bó bá nà án lẹ́ẹ̀mẹta, á wá ibì kan jókòó.

Ní oṣù kejì ọdún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Àsíátù dé. Àsíátù ni ẹ̀gbọ́n Ràbíátù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n ń gbọ́ nílé wọn ní Kambolé. Ó ta àgbàdo tán ní ọjà Tchamba, ó wọkọ̀ wá sí Sokodé, kò ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ni ọmọ kan lórí páànù aládùúgbò, tó ń sọ òkúta sí ewúrẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

Àzízì kò wẹ̀yìn wò. "Ọmọ Fáwàsì ni mí. Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?"

Obìnrin kan tó ń fọṣọ nítòsí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kú orí ire, ìyá. Ẹ ti rí i pé ó lẹ́nu. Ẹ ò tíì rí èyí tó kéré jù."

Àsíátù jókòó de Fáwàsì títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó dé, ó bẹ̀rẹ̀ kí i. Àsíátù kò pariwo. Kì í ṣe aláriwo.

"Bàbá Làtífátù, mi ò wá bá ọ jà," ó ní. "Ojú rẹ ti wọnú, o ti rù. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kú, ilé ìyá rẹ̀ ló ń gbà á tọ́. Ọdún méjì la ti fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ. Èmi á mú Àzízì. Ìyá wa á mú Làtífátù, ojú ìyá kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ń fẹ́ ẹni tí á máa bá wọn pọnmi. Sèínábù á lọ sọ́dọ̀ àbúrò wa tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn ẹnubodè."

"Ilé mẹ́ta, ìyá?"

"Ilé mẹ́ta ni."

"Wọn ò ní máa rí ara wọn."

"Wọ́n á máa rí ara wọn nígbà ọdún."

Fáwàsì wo ilẹ̀. Làtífátù ń fọ abọ́ lẹ́yìn ògiri. Ìró omi dúró.

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i, ìyá. Màá tún wọn ṣe."

"Nígbà wo? Ṣé lórí alùpùpù ni?"

Àsíátù wò ó pẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó ní. "Bí mo bá padà wá bá ilé yìí bí mo ṣe bá a lónìí, mi ò tún ní jókòó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màá kó wọ mọ́tò."

Ó sùn mọ́jú, ó sì lọ.

Èrò kan wà tí Fáwàsì ń gbé láràárọ̀ láti àdúgbò Komah. Màdáàmù Hàjàrá ni, olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ọmọ Tem ni, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Ó sanra, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láìmí. Èdè Tem ni wọ́n jọ máa ń sọ, òun á sì máa ju Faransé sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Àsíátù lọ, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá gbá Fáwàsì léjìká.

"O ti wọ kòtò méjì lónìí, o ò yà fún ọ̀kan. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màdáàmù."

"Kí ló wá dé?"

Fáwàsì sọ ọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n dé, kò jẹ́ kó yí padà. Ó mú un wọ inú kíláàsì rẹ̀. Tákàdá ńlá kan wà lára ògiri. Odò ni wọ́n kùn sí i, ẹja pọ̀ nínú odò náà, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lára ẹja kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá hùwà dáadáa lọ́jọ́ kan, wọ́n á sún ẹja rẹ̀ síwájú. Ẹja tó bá dé inú ibú tó wà ní ìparí, ẹni tó ni ín á gba bísíkíìtì.

"Tabló nìyí," Màdáàmù ní. "Ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta."

"Gbogbo wọn ló ń gbọ́ràn?"

"Gbogbo wọn kọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó ṣe é, ohùn mi ti fẹ́ lọ. Gbọ́ mi. Ya ohun tí àwọn ọmọ rẹ mọ̀. Bí wọn ò bá mọ ẹja, má ya ẹja. Fi ohun tó dùn sí ìparí. Má sì fa ẹnikẹ́ni sẹ́yìn láé. Ọmọ tó bá ṣe ohun tí kò dáa, kó dúró síbi tó wà. Ibi tó bá ti rìn dé, tirẹ̀ ni."

"Màdáàmù, mi ò mọ̀wé."

"Ẹja mọ̀wé ni?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Fáwàsì kò padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gba páálí sípàgẹ́tì ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó tú u, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó mú èédú. Ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀? Wọ́n mọ alùpùpù. Alùpùpù ń fẹ́ ọ̀nà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀ tí kò ní láti ronú kó tó yà á.

Ó ya ilé wọn sí igun òsì, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó fa ọ̀nà jáde láti ibẹ̀. Ó ya ọjà Tchamba sí àárín ó lé díẹ̀, àwọn àpò àgbàdo lórí ara wọn. Lẹ́yìn Tchamba ó ya ebè iṣu sí apá ọ̀tún àti apá òsì ọ̀nà, ebè lórí ebè. Ní ìparí ó ya Kambolé. Ó ya mọ́sáláṣí, ó ya igi máńgò, ó ya odó pẹ̀lú ọmọ odó méjì. Ibẹ̀ ló pẹ́ sí jù. Igi máńgò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló yà á, nítorí ìbòòji ti àkọ́kọ́ kò fẹ̀ tó.

Ó fi ìṣó lu ihò sójú ọ̀nà náà, ìlà mẹ́ta, ọgbọ̀n ihò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Tchamba bọ́ sí ihò kejìdínlógún. Ó ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀ mẹ́ta, ó so àkísà télọ̀ mọ́ wọn lórí. Ó so pupa fún Làtífátù, àwọ̀ ewé fún Àzízì, yẹ́lò fún Sèínábù. Ó ní alùpùpù wọn nìyẹn.

Àdìsá, ọmọ Kambolé bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣe sẹ́mí, tó sì ń gbé yàrá kejì, dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, kí nìyí? Ìjọba fẹ́ la títì ni?"

"Tabló ni."

"Tabló kí ni?"

"Ti ìwà."

Àdìsá fi orí sí ọ̀tún, ó fi sí òsì. "Ìwà jìnnà tó báyìí sí Sokodé? Ó dáa. Ṣùgbọ́n o ò ya kòtò kankan sí i. Ọ̀nà tí kò ní kòtò, ọ̀nà Kambolé kọ́ nìyẹn."

"Lọ jókòó."

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbà ó pe àwọn ọmọ jọ. Ó ní ohun márùn-ún ni. Kí wọ́n kí àgbà bó ṣe yẹ. Kí wọ́n lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tó bá ṣí. Kí wọ́n pọnmi kí oòrùn tó wọ̀. Kí wọ́n kírun. Kí ará àdúgbò kankan má sì wá fẹjọ́ wọn sùn. Ẹni tó bá ṣe márààrún lọ́jọ́ kan, ihò kan.

"Ẹni tó bá dé ìparí ńkọ́?" Àzízì béèrè.

"Ẹni tó bá dé Kambolé lórí páálí yìí, màá gbé e lọ sí Kambolé gan-an."

Àzízì fò sókè. Sèínábù fò nítorí pé Àzízì fò. Làtífátù kò fò. Fáwàsì rò pé ó ti dàgbà ju ìyẹn lọ ni.

Kò fura sí ohun tó ṣe yìí. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlá jẹ iṣu rírà ní Sokodé, kò sí ohun tó dùn tó Kambolé nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó ya àlùjánnà, igi máńgò yẹn náà ni ì bá yà. Pé Kambolé náà ni Àsíátù ti ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ, kò wá sí i lọ́kàn rárá. Ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni. Èyí, ọ̀rọ̀ adùn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Làtífátù rin ihò méje, Sèínábù rin márùn-ún, Àzízì rin ẹyọ kan. Ọjọ́ tí Àzízì rin ẹyọ kan yẹn, inú ilé ló wà láti ọ̀sán, eyín ń dùn ún.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ojú rẹ̀ là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ihò láràárọ̀ kó tó bọ́jú. Ó ń kí oníbúrẹ́dì, ó ń kí ẹni tó ń ta epo ọkọ̀, ó ń kí èrò tí kò mọ̀ rí. Ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ kí ọkùnrin tó ni ewúrẹ́. Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn, ó rò pé òkúta ló fẹ́ ṣà.

Ohun tí Màdáàmù Hàjàrá kò sọ ni pé tabló náà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ni. Bí Fáwàsì bá ti ń pa alùpùpù kú, àwọn ọmọ á ti jókòó sábẹ́ páálí, wọ́n ń dúró de ìdájọ́. Kò ní tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Á gbọ́ ẹjọ́. Ta ló pọnmi? Garawa mélòó? Ṣé ó kún? Sèínábù ní òun kírun, Àzízì ní oorun ló sùn síbẹ̀. Sèínábù ní ojú lásán ni òun dì. Á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, á sún igi fún ẹni tó tọ́ sí, á wá wá ibi tó máa fẹ̀yìn tì. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ì bá kúkú na gbogbo wọn kó sì sùn. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò kò wá mọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣófo bó bá dé. Ìyẹn nìkan, ó tó o.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Làtífátù dé Tchamba. Kò tíì pàdánù ọjọ́ kan. Ọjọ́ kejì kò pọnmi.

Fáwàsì rò pé ó gbàgbé ni. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó bú ìyá oníbúrẹ́dì. Lọ́jọ́ kẹta ó pọnmi, ó lọ sílé ẹ̀kọ́, ó kí gbogbo ayé, kò sì kírun. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ kan péré lójúmọ́, kì í lé, kì í dín. Igi pupa náà dúró ní Tchamba. Kò pẹ́ tí igi Sèínábù náà fi dúró, ní ihò kẹrìnlá. Fáwàsì bẹ̀ wọ́n. Ó halẹ̀ mọ́ wọn. Làtífátù á ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ọjọ́ kejì á tún ṣe òmíràn. Fáwàsì ka ọjọ́ tó kù kí Àsíátù dé. Ẹ̀rù bà á. Àgbà ọmọ tó fọkàn tán, òun ló wá fẹ́ ba ilé jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àzízì sì ń rìn lọ ní tirẹ̀. Ó kọjá Sèínábù, ó kọjá Làtífátù, ó wọ àárín ebè iṣu.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n, Fáwàsì gbé èrò kan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà ní Kouloundè láàárọ̀, ó sì rí Làtífátù pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́rùn, tó jókòó lórí táyà àlòkù. Ó lọ já èrò náà sílẹ̀, ó padà. Ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀.

"Làtífátù, kí lo ń ṣe níbí?"

"Mo jókòó ni, Bàbá."

"Ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ó pa alùpùpù kú. Kò lágbára láti pariwo. Ó jókòó lórí táyà kejì.

"Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lo ti wà ní Tchamba."

"Mo mọ̀. Mò ń kà á."

"Àzízì ti kọjá rẹ. Àzízì o!"

"Kó máa lọ. Òun ò mọ̀."

"Kí ni kò mọ̀?"

Làtífátù ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. "Ẹni tó bá dé Kambolé, Ìyá Àsíátù á mú un. Mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ilé mẹ́ta, wọ́n ní. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ká lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ẹ wá ya ọ̀nà."

Fáwàsì yíjú sí i.

"Bàbá, mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wa ti sú yín, ẹ sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n máa fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ."

"Kò rẹ̀ mí," ó ní.

Irọ́ ni. Ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ ló sú u.

"Àbẹ̀wò ni mo ní lọ́kàn," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta. Ká jẹyán, ká padà."

"Ẹ ò ya ìpadà."

Ẹni tó ń lẹ táyà ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀kan. Wọ́n dúró kó parí.

"Ìwọ lo ní kí Sèínábù dúró ní ihò kẹrìnlá?"

"Èmi ni."

"O ò sọ fún Àzízì?"

"Mo sọ. Ó ní irọ́ ni mò ń pa kí n lè borí òun."

Ó gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́. Nírọ̀lẹ́ ó pe Àzízì. Ihò márùn-ún ló kù fún un.

"Àzízì, bọ́ọ̀lù aláwọ ńkọ́? Ká fi bọ́ọ̀lù sí ìparí."

"Rárá. Kambolé ni mo fẹ́."

"Bọ́ọ̀lù pẹ̀lú bàtà rẹ̀."

"Bàbá, ẹ ti sọ ọ́."

Fáwàsì lè fa páálí náà ya. Ọwọ́ rẹ̀ dé etí páálí pàápàá. Ó wo ọmọ náà. Ó ti ń lọ sí oṣù kan tí kò ju òkúta. Ó ń fọ ẹ̀wù ara rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ti ní ó ń kàwé. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní òun á wá páálí mìíràn, òun á ya ọ̀nà ìpadà, òun á lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ èyí. Lọ́jọ́ kejì ó rántí, ṣọ́ọ̀bù ti tì. Lọ́jọ́ kẹta táyà ẹ̀yìn bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹrin oorun gbé e lọ lórí ìjókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Àzízì dé Kambolé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki igi náà bọ ihò ọgbọ̀n.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé géérégé, Àsíátù dé.

Fáwàsì kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní. Làtífátù kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un, ó bu ìrẹsì àti ẹ̀wà wá, ó jinná, iyọ̀ rẹ̀ tó. Sèínábù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó wẹ̀ mọ́ tónítóní bẹ̀rẹ̀ níwájú Àsíátù.

"Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ṣé ẹ rìn dáadáa?"

"Ta nìyí?"

"Àzízì ni, ìyá."

"Àzízì tó bi mí pé ọmọ ta ni mí?"

Àwọn ọmọbìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Àzízì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àsíátù jẹun, ó fọwọ́, ó yí ojú ká ilé náà.

"Mi ò ní parọ́," ó ní. "Ilé yìí dára. O gbìyànjú, Bàbá Làtífátù. Mo ti ní kí dírẹ́bà di àyè mẹ́rin mú fún mi. Ó dà bíi pé á rí àyè gbé ẹlòmíràn."

Fáwàsì mí. Ó ṣe é bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ibẹ̀ ni ojú Àsíátù ti bá páálí lára ògiri.

"Kí lèyí?"

Kí Fáwàsì tó dáhùn, Àzízì ti wà níbẹ̀. "Ọ̀nà ni, ìyá. Ilé wa nìyí. Tchamba nìyí. Kambolé nìyí, odó ìyá àgbà nìyẹn. Èmi ti dé. Àná ni mo dé. Bàbá ní ẹni tó bá dé, àwọn á gbé e lọ." Ó sáré wọnú yàrá, ó gbé àpò jáde. Ó ti di ẹrù sínú rẹ̀.

Àsíátù wo àpò náà. Ó wo Fáwàsì.

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Èmi ni, ìyá. Àbẹ̀wò ni. Ọjọ́ mẹ́ta."

"O sọ ọjọ́ mẹ́ta fún un?"

"Mi ò sọ ọ́."

"Níbo lo ya ìpadà sí?"

"Mi ò tíì yà á."

Àsíátù tún jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó dà bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀ bíi ti Fáwàsì.

"Gbọ́ mi. Àwọn ará ilé ń retí mẹ́ta. Bí mo bá lọ lọ́wọ́ òfo, ẹlòmíràn ni wọ́n á rán, kò sì ní jókòó jẹun. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa kó. Fún mi ní ẹyọ kan. Fún mi ní ẹni tó ti ń rìn bọ̀ wá bá wa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ èmi fúnra mi ló máa gbé, màá fi í sílé ẹ̀kọ́. Àwọn méjì tí kò tíì dé, kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà. Bí mo bá mú ọ̀kan délé, mo lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lórí àwọn yòókù."

Làtífátù dìde. Ó lọ síbi ògiri, ó fa igi Àzízì yọ ní Kambolé, ó ki í bọ Tchamba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Kò tíì dé," ó ní. "Òun náà wà ní Tchamba."

"Bàbá!" Àzízì ké. "Mo rìn ín! Ẹ rí i, mo rìn ín! Ojoojúmọ́ ni mo rìn ín!" Ẹkún gbé e.

Gbogbo wọn wo Fáwàsì. Ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó di ọwọ́ mọ́ orúnkún.

"Àzízì, wá. Ṣé o mọ̀ pé ibẹ̀ ni wàá máa gbé? Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta."

Àzízì nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ibí ni màá wà. Màá máa wá."

"Pẹ̀lú alùpùpù?"

"Pẹ̀lú alùpùpù."

Ọmọ náà wo àwọn arábìnrin rẹ̀. Ó wo páálí. Ó ronú bí àgbà, ìgbà àkọ́kọ́ tí Fáwàsì máa rí i tó ronú bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

"Mo fẹ́ lọ," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Làtífátù, dá a padà."

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́."

"Ó rìn ín. Dá a padà."

Làtífátù dúró. Nígbà tó ṣe, ó fa igi náà yọ ní Tchamba. Àkísà já bọ́ lórí rẹ̀. Igi ìgbálẹ̀ lásán ló ki bọ Kambolé.

"Òmùgọ̀ ni ọ́," ó sọ fún Àzízì. Ó fa á mọ́ra, ó ń bá a de bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù tó ṣí sílẹ̀.

"Bàbá," Sèínábù ní, "èmi ṣì wà ní mẹ́rìnlá, àbí?"

"O ṣì wà níbẹ̀."

Àsíátù wé gèlè rẹ̀. Ó ní mọ́tò Tchamba kò ní kọjá aago mẹ́rin, ó sì jìnnà láti fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀.

"Ẹ má fẹsẹ̀ rìn," Fáwàsì ní. "Màá gbé yín."

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Ó gbé àpò ọmọ náà kọ́ èjìká, kò wúwo. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó sì jáde lọ yí alùpùpù kọjú sí títì.